Àlàfo Ìka Kan

Lẹ́tà náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé,
ó gbóná ju iná tó ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù wa lọ.
Fèrèsé mẹ́rìnlá, ó ní, gbogbo wọn ń mí bí ajá tó sáré.
Àwọn àlejò òun ń wọ kóòtù sùn.
Òun ò ní san owó tó kù,
kí Tuulikki lọ wá adájọ́ tó bá wù ú.

Lọ́yà wa ti kọ èsì. Ó kà á sórí fóònù,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dán bí abẹ tuntun.
"Kóòtù ló kù," ó ní.
Ọ̀gá mi ń fi èékánná họ gọ́ọ̀mù kúrò lórí tábìlì.
"Ṣé o ti rí fèrèsé náà?"
Lọ́yà ní rárá.
"Èmi náà ò tíì padà lọ wò ó.
Kóòtù tí mo nílò lónìí, ara ìṣó ló wà."
Ó mú un, ó wọ̀ ọ́.
"Urho, gbé téèpù."

Ẹsẹ̀ mi tutù kí n tó jáde síta.
Èmi ni mo lọ wọn ibẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án.
Òjò ń rọ̀, ebi ń pa mí,
mo wọn méjì, mo fojú díwọ̀n méjìlá.
Kò sẹ́ni tó mọ̀,
àfi èmi, àti atẹ́gùn.

Ọgọ́ta kìlómítà láàárín igi páìnì,
yìnyín ń kù sójú gíláàsì ọkọ̀ bí ìyẹ̀fun.
Lórí afárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu:
"Ó kọ̀wé, ó ń sá fún ojú mi.
Bí mo bá kọ̀wé padà, èmi náà ń sá.
Ta ni yóò wá dúró?"

Ilmo Saarikko wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀,
ó ká apá mọ́ àyà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dì.
Tuulikki bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ọwọ́ sí i:
"Mo wá gbọ́ ohùn fèrèsé mi."

Kí lèèyàn ń fọ̀ sí irú èyí?
Ó yà fún wa.

Yàrá kẹta. Atẹ́gùn ń súfèé lóòótọ́.
Ọ̀gá mi ti ìka bọ àlàfo náà, ó wọlé geere.
Ó wo ìka náà títí.
Kò wẹ̀yìn.
"Àwa la ṣì í wọ̀n."
Àwa.
Ọ̀rọ̀ kan péré, ó bò mí bí kóòtù àgbà.

Ẹni tó ti di ẹ̀ṣẹ́ tí kò rójú tí yóò lù,
Ilmo wúkọ́, ó wolẹ̀.
Mẹ́rin nínú wọn, ó ní, lápá àríwá,
bíríkìlà òun ló fẹ ògiri lẹ́yìn tí ẹ lọ.
Kò sí ìyẹn nínú lẹ́tà.

Wọ́n jà, mi ò ní purọ́.
Ilmo gbá tábìlì nígbà tó dórí owó;
ọ̀gá mi pe eku ní eku, ó pe ẹyẹ lẹ́yẹ.
Kọfí tutù lẹ́ẹ̀mejì.
Mẹ́wàá lọ́rùn wa, mẹ́rin lọ́rùn tirẹ̀.
A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,
ṣùgbọ́n ó di ẹja gbígbẹ kan fún wa lọ sílé.

Nígbà tí a tún dé orí afárá, mo jẹ́wọ́.
Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé.
Nọ́ńbà mẹ́rìnlá, gbogbo wọn bára mu bí ìbejì:
ilé wo ló gún tó bẹ́ẹ̀?
Ìwọ lo máa tún wọn wọ̀n. Gbogbo ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù ti di tèmi báyìí.
Lẹ́tà kan dé lánàá, ó gbóná.
Lọ́yà ti pè lẹ́ẹ̀mẹta.
Mò ń wá ìbọ̀wọ́ mi.