Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Gbé Sókè

Bọ́ọ̀lù náà balẹ̀ kó tó wọ ìbọ̀wọ́ mi.
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn.
Ó fara kan koríko, ó fò díẹ̀
bí tata tí ẹsẹ̀ ènìyàn lé,
ó sì bọ́ sínú awọ tí mo nà sílẹ̀ dè é.

Ìlú Erie ni, létí adágún,
alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ,
tí kòkòrò omi ń rọ́ lu iná pápá bí òjò.
Àmì kan péré la fi ṣáájú,
alátakò méjì ti ń sáré bọ̀ wálé.
Denny Ostrander ló gbá a, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó itan mi.
Mo sáré, mo nà gbalaja lórí afẹ́fẹ́,
mo dìde, mo gbé ìbọ̀wọ́ sókè.
N ò sọ̀rọ̀ o. Ẹnu mi ò purọ́.
Ọwọ́ ló sọ̀rọ̀.

Lowell Krajewski, adájọ́, sáré bọ̀ láti bèsì kejì,
ikùn rẹ̀ ń mì, ó ń mí hẹlẹ.
Ó wojú mi. Mo wojú rẹ̀, n ò ṣẹ́jú.
Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó nà án sókè: ó ti jáde!
Gbogbo pápá hó yèè.
Àtàǹpàkò mi sì wà nínú ìbọ̀wọ́,
ó ń nu àwọ̀ ewé kúrò lára bọ́ọ̀lù funfun.

Kọ́ọ̀ṣì Haverty gbá mi lẹ́yìn: "Anselmo, ọmọ gidi!"
Ó mọ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì wa ló mọ̀.
"Iṣẹ́ adájọ́ ni kó ríran," ni wọ́n wí,
"iṣẹ́ tìẹ ni kó o sáré."
Pruitt tó ń lóṣòó sẹ́yìn igi ńkọ́,
ṣé kì í rọra fa bọ́ọ̀lù tó ti yà bàrá
padà sójú ọ̀nà, kí adájọ́ lè pè é ní dáadáa?
Owó ni wọ́n ń san fún un lórí ọwọ́ jẹ́jẹ́ yẹn.
Ta ló pè é lólè?
Mo kó gbogbo àwíjàre yìí jọ, mo fi ṣe ìrọ̀rí.
Oorun ò kùn mí.

Ìyá mi pè láti Baní lọ́jọ́ kejì.
"Ṣé o hán an lóòótọ́?"
Mo ní, "Adájọ́ ní mo hán an, Mama."
Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ lẹ́yìn ilé wọn.
"Bọ́ọ̀lù ni mo béèrè," ni wọ́n wí, "n ò béèrè adájọ́."

N ò dé líìgì ńlá. Orúnkún ló dá mi dúró.
Èmi ni mo ń gé koríko pápá yẹn báyìí,
ọdún kọkànlélógún rèé.
Mo mọ ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ti balẹ̀.
Bí ẹ̀rọ bá débẹ̀, ó máa ń falẹ̀,
tàbí èmi ni mo ń falẹ̀, n ò mọ̀.

Oṣù tó kọjá, mo bá Lowell pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó.
Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó dì mọ́ mi,
ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin:
"Wá wò ó, ọkùnrin tí mo máa ń sọ fún ọ rèé!
Wọ́n ní bọ́ọ̀lù balẹ̀. Wọ́n bú mi dé ìdí mọ́tò,
wọ́n fi ìgò fọ́ gíláàsì mi.
Mo ní rárá, ojú mi ló rí i.
Nínú gbogbo ìdájọ́ mi, èyí ni mo fi ń yangàn jù."

Ọmọ náà ń wo ọwọ́ mi.
Òótọ́ dé eyín mi, ó dúró níbẹ̀,
ó ń wo bí ojú baba náà ṣe ń tàn.
Mo ní, "Ojú yín mú nígbà yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Krajewski."
Mo gbé ọwọ́ òsì sókè pé ó dàbọ̀.
Ìbọ̀wọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́.
Ọwọ́ yẹn náà ni.