Ó Ku K

Ní Abaetetuba, odò ni títì.
Orúkọ ọkọ̀ ojú omi kò gbọdọ̀ kéré
lójú ẹni tó dúró ní èbúté kejì.
Bàbá mi, Odenildo, ló ń kọ wọ́n.
Níbẹ̀, wọn kì í sọ pé èèyàn ń kọ lẹ́tà,
wọ́n ní ó ń ṣí i,
àfi bí ẹni pé ó ti wà nínú pákó látọjọ́,
tó ń sùn, tí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn mọ́.

Lẹ́tà bàbá mi sanra.
Ikùn B yọ síwájú bíi ti aboyún oṣù mẹ́jọ,
ẹsẹ̀ R tẹ̀ bí ẹni fẹ́ jó,
S nírù méjì, ewé kọ̀ọ̀kan ní ìdí wọn.
Pupa lókè, tó rọra ń di àwọ̀ ọsàn kó tó kan ìsàlẹ̀,
òjìji búlúù lẹ́yìn,
ìlà funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oòrùn lè ríbi jókòó.
“Lẹ́tà tí kò bá lè kí èèyàn láti òdìkejì odò,
kò tíì jí.”

Èmi Jocicleide ni mo ń di agolo ọ̀dà mú.
Òórùn kẹrosíìnì kò kúrò nírun mi
títí mo fi lọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Belém.

Nígbà tó yá, ike ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀:
lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́, aláìlẹ́ran, gbogbo wọn jọra bí èékánná.
Mo mú kámẹ́rà, mo wọ ọkọ̀ kékeré,
mo ń lé orúkọ kiri lórí omi bí ẹni ń sin gbèsè.
Mo rí A lára Estrela do Moju.
Mo rí G lára èyí tó ti rì dé ọrùn nínú ẹrẹ̀,
alákàn ló ń gbé inú rẹ̀.
Mo fà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn,
kí ẹni tí kò rí odò rí lè tẹ bọ́tìnnì,
kí wọ́n dìde.

Ó ku K.
Kò sí ọkọ̀ tó ní K lórúkọ.
Ogójì ọdún ó lé, bàbá ò kọ ọ́ rí.
Mo yá ọ̀pá lọ́wọ́ H, mo yá ẹsẹ̀ lọ́wọ́ R,
ó dúró bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì.

Mo padà sílé.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà náà,
kọfí kì í dé ẹnu rẹ̀ kó má dà sílẹ̀.
Mo gbé ilẹ̀kùn ilé adìyẹ síwájú rẹ̀.
Ó wò ó pẹ́. “Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi K pè?”
Mo ní kibe.
“Nítorí ẹran díndín!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú.
Ọ̀pá rẹ̀ lọ tààrà. Apá òkè gbọ̀n,
ó ń mì bí omi tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.
Ó fẹ́ nù ún nù.
Mo ti fi àkísà pamọ́ sẹ́yìn.

Lánàá, ní igun títì kan ní São Paulo, nínú òjò,
mo bá pátákó tuntun pàdé.
Ẹni tó gbé e kọ́ ò mọ̀ mí.
KIBE. Pupa tó ń di àwọ̀ ọsàn, òjìji búlúù.
Àwọn mẹ́ta tó kù dúró gbagidi.
K nìkan ló ń gbọ̀n.

Olóùnjẹ yọjú: “Mélòó ni kí n dì?”
Mo ní méjì.
Mo jẹ ọ̀kan lábẹ́ pátákó náà.
Èkejì, n ò mọ ẹni tí mo rà á fún.