Ọ̀sẹ̀ Kẹfà, Bí Ọkọ̀ Bá Lè Sọdá

Oṣù Kẹjọ ń lọ sópin ní erékùṣù Barra,
mo jókòó ti fèrèsé, òjò ń fi èékánná ha gíláàsì,
mo kọ "Ọ̀sẹ̀ Kìn-ín-ní" sórí ìwé,
mo sì tẹjú mọ́ ọn títí tíì mi fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fún mi:
mẹ́jọ lórí ayélujára, mẹ́rin lójúkojú,
akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún, erékùṣù márùn-ún,
òkun kan ṣoṣo tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Wọ́n ní kí n to ọjọ́ bí àgbẹ̀ ti ń kọ ebè,
ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kó gún régé.
Ta ló ń kọ ebè sójú omi?

Ìgbì àti ìṣàn omi ni mò ń kọ́ wọn.
Ọmọ apẹja ló yẹ kó kọ́ mi níyẹn;
ìṣirò rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀,
ìṣirò yẹn ni mo fi ń jẹun.

Léṣìí, ìlà kan wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi,
mo kọ ọ́ kó dúdú, mo fàlà sí i nídìí:
*Iṣẹ́ tó bá pẹ́, òdo.*
Ó kúrú. Ó dùn ún kọ.
Ruaraidh ló kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára rẹ̀,
ọmọ tó ń bọ́ ẹja sàmọ́nì nínú àgò inú òkun,
tó ń jí láago mẹ́rin, tí iyọ̀ ń gbẹ sí lórí ìpéǹpéjú.
Orí ọkọ̀ ló ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lóru,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé e mì, ilẹ̀ mọ́ kó tó pọ̀ ọ́.
Wákàtí mẹ́fà ó lé ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Mo fún un ní òdo.

Òdo jọ ihò lára ọkọ̀:
roboto ni, kékeré ni, omi ló mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ keje,
orúkọ rẹ̀ kò tàn lójú kọ̀ǹpútà mi mọ́.
Mo pàdé ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nídìí ànàmọ́,
ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo pa ìlà náà rẹ́.
Mo kọ òmíràn, mo pa òun náà rẹ́.
"Ẹ gbọ́dọ̀ tètè jẹ́ kí n mọ̀" dún bí ọlọ́pàá.
"Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín":
Dókítà Farquharson á ti pè mí láti Inverness kílẹ̀ tó ṣú.
Mo wá kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀:
*Bí òkun bá dá ọ dúró, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́.
Ọjọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀ fún ọ. Má ṣàlàyé púpọ̀.*

Nípa kámẹ́rà: kì í ṣe tipátipá.
Ẹ̀yìn Seonag ni bẹ́ẹ̀dì wà, ìbejì ń sùn lórí rẹ̀,
bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà Uilleam, tí kò mọ̀ pé kíláàsì ń lọ,
máa ń wọ iyàrá tòun ti ṣòkòtò àwọ̀sùn.
Fídíò kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án:
mo wò ó, ibẹ̀ ni ti Vatersay máa ń já.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló gba gbogbo ọ̀sán mi.
Gbogbo wa á pàdé ní etíkun Benbecula
láti wọn omi bó ṣe ń kún.
Ṣùgbọ́n ìjì Oṣù Kẹwàá kò ka ìwé ètò ẹnikẹ́ni.
Mo fi gègé lu eyín, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn.
*Bí ọkọ̀ kò bá lè sọdá,
kí kálukú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun tirẹ̀
láago méjì, tòun ti igi tó ti sàmì sí,
kó dúró wákàtí kan, kó kọ ohun tó rí.*
Igi mẹ́tàdínlógún nínú omi kan náà:
ṣé ìyẹn náà kì í ṣe kíláàsì?

Alẹ́ lẹ́, mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì,
mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ruaraidh, láìkọ nǹkan kan sí i.
Kò tíì fèsì.
Ó lè jẹ́ pé ojú omi ló wà.