Iṣẹ́ Mi Ni Kí N Sọnù

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà àti búrẹ́dì kan
ni wọ́n fún mi láàárọ̀ Sátidé
pé kí n lọ sọnù.
Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n gbé fún mi,
mo rákòrò wọ pàlàpálá àpáta lẹ́yìn Ìkijà,
mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.
Alángbá kan wò mí, ó mi orí,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Nísàlẹ̀, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́,
Fẹ̀hìntọlá jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìka rẹ̀ ò sinmi.
Dúróònù mẹ́ta wà níwájú rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju àwo ọbẹ̀ lọ.
Ó kọ ọ́ sí wọn nínú pé:
Bí ẹ bá rí pupa, ẹ dúró.
Bí ẹ bá dúró, ẹ ké sí mi.
Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́, panápaná tó ti fẹ̀yìntì,
kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?"
"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Wọ́n gbéra. Ariwo wọn bí àgbọ́n inú agolo.
Wọ́n kọjá lórí mi, wọn ò wolẹ̀,
wọ́n forí lé ìlú.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Abẹ́òkúta,
ẹ mọ ohun tí wọ́n bá pàdé:
páànù tó ti dípẹtà láti ayé bàbá bàbá wa,
òrùlé lórí òrùlé, pupa lórí pupa,
láti Ìkijà dé Ìtòkú, láti Ìtòkú dé Aké.
Àkọ́kọ́ dúró lórí ilé kan, ó ké: mo rí i.
Èkejì dúró lórí ṣọ́ọ̀ṣì: mo rí i.
Ẹ̀kẹta ò mọ èyí tí ì bá mú,
ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ké,
mo rí i, mo rí i, mo rí i,
àfi bí ẹni pé gbogbo ìlú ló sọnù
tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wa.

Ìyá àgbà kan jáde, ó fọwọ́ ṣíji bojú:
"Ta lẹ̀ ń wá nílé mi?
Bó bá jẹ́ Káṣìmáawò ni,
ó ti lọ Líbíà látọdún mẹ́ta."

Wọ́n pè wọ́n padà. Fẹ̀hìntọlá pa pupa rẹ́,
ó kọ òmíràn: Bí ó bá ń juwọ́, ẹ dúró.
Ẹ gbà mí o.
Ọmọdé wo ni yóò rí ohun tó ń fò
tí kò ní juwọ́ sí i?
Gbogbo àgbàlá ń juwọ́.
Ẹni tó ń sáṣọ ń juwọ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń juwọ́.

Ẹ̀rín ń pa mí nínú ihò mi
títí mo fi rántí Bọ̀wálé.
Ọdún tí odò Ògùn wọ Láfẹ́nwá lóru,
àbúrò mi ní òun ń lọ gbé jẹnẹrétọ̀ sókè.
Kò wọ pupa.
Ẹni tí omi bá gbé kì í ráyè juwọ́.
Ọkọ̀ méjì, tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ohùn ìyá mi,
ohun tí a fi wá a fún ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn.
Bọ̀wálé: ìyá mi ti kọ ọ́ sí i nínú
láti ọjọ́ ìkómọ.
Kò bọ̀ wálé.

N ò sọ fún wọn, nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò sọnù,
ìdí tí mo fi tètè nawọ́.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, bátìrì ọ̀kan tán.
Ó tàkìtì, ó já sínú igbó, ó ń ké wínniwínni.
Mo gbọ́ Fẹ̀hìntọlá tó ń sáré kiri nísàlẹ̀:
"Ẹ bá mi wá a! Ẹ bá mi wá a!"
Mo dìde, èmi tí ẹsẹ̀ mi kán,
mo tẹ̀lé igbe náà sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta.
Mo bá a lábẹ́ igi káṣú, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́,
iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.
Pupa.
Mo dúró.
Mo ké sí wọn.