Okùn Tí Kò Níka

Ayùn ló jẹ ìka bàbá mi, tọwọ́ òsì,
èyí tí òrùka ìgbéyàwó ń gbé,
ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi létí òkun Frísíà.
Kò sunkún. Ó ní kí n bá òun wá òrùka náà
nínú lẹ́búlẹ́bú pákó; mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún kejì ló lọ wo ọkùnrin kan nínú àpótí onígíláàsì,
ẹni tí wọ́n sin kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa,
tí wọ́n tẹ́ dùùrù olókùn mẹ́fà sí lápá
bí ẹni tẹ́ ọmọ jòjòló.
“Hiske,” ó ní, kò tíì bọ́ bàtà,
“mo ti rí ohun tí ọwọ́ yìí máa ṣe.”

Igi mépù tí ìjì wó lẹ́yìn ọgbà Okko la lò.
Ó gbẹ́ inú rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ,
ó ń fi èékánná kàn án, ó ń dẹtí
bí dókítà tó ń gbọ́ àyà ọmọ.
Nígbà tí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí owó ẹyọ méjì tí a tò léra,
ó dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ó ti ń dáhùn.”

Afárá tí okùn máa gùn:
oje igi àtijọ́ tó di òkúta lábẹ́ òkun,
èmi ni mo ṣà á létí omi lẹ́yìn ìjì.
Ó pọ́n bí oyin, kòkòrò kan há sínú rẹ̀.
Bàbá rọra fi fáìlì yí kòkòrò náà ká,
ó ní ẹni tó ti sùn pẹ́ tó yẹn, ẹ má jí i.

Ó wá ku ìfun àgùntàn.
Ìyá mi ò jẹ́ ká gbé e wọ kíṣìnnì.
Ìta la ti fọ̀ ọ́, nínú òtútù,
a fi ọ̀bẹ kíkú ha ọ̀rá rẹ̀ kúrò,
a lọ́ ọ, a nà án láàárín òpó méjì fún afẹ́fẹ́.
Ológbò ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.
Okùn kìíní já. Ìkejì já, ó nà mí lẹ́rẹ̀kẹ́;
àpá rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó.

Mẹ́fà dúró níkẹyìn.

Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyí, bí a ti rò,
nítorí òkú ò sọ fún ẹnikẹ́ni:
ọwọ́ ọ̀tún a gbá gbogbo okùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan,
ọwọ́ òsì a gba ẹ̀yìn wọlé,
ìka kọ̀ọ̀kan a pa ohùn tí a kò fẹ́ lẹ́nu mọ́.
Èyí tó bá ṣẹ́kù lorin.

Ṣùgbọ́n mẹ́rin nìka bàbá mi.
Okùn kẹrin ò ní ẹni tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.
Ohun yòówù kí Bàbá ta, a máa hùn lábẹ́ rẹ̀,
húùùn,
bí oyin nínú ihò igi.
Tiarda, tó kàwé nípa nǹkan wọ̀nyí, fi suuru gbọ́ ọ.
Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un,
ó ní ká kúkú tú okùn náà.
Bàbá wò ó títí.
“Ta ló ka ìka ẹni tó wà nínú àpótí?”

Èmi lọ kà á. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí mẹ́rin,
mo fi iwájú orí ti gíláàsì.
Ilẹ̀ ti jẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ tán pátá,
ibi tó wà tẹ́lẹ̀, erùpẹ̀ dúdú díẹ̀ ni.
N kò sọ fún Bàbá.

Lálẹ́, tí afẹ́fẹ́ òkun bá ń ti fèrèsé,
a gbé e lé itan, a bẹ̀rẹ̀.
Ìyá mi tó lé ìfun kúrò ní kíṣìnnì
a máa fọ abọ́, a máa hùn, kò mọ̀ pé òun ń hùn:
ohùn okùn kẹrin yẹn gan-an.

Òrùka náà? A ò rí i.