Dúró-ńbẹ̀

Wọ́n ti kan pátákó mọ́ igi àyìn létí Ọ̀yun,
ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ:
ERÉKÙṢÙ ÌGBÁDÙN. Ẹ SANWÓ ỌKỌ̀ NÍBÍ.
Ọmọkùnrin tó ń gbowó ní,
"Màmá, ṣé ẹ mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Dúró-ńbẹ̀ ló ń jẹ́.
Ìgbà tèmi, ewúrẹ́ la ń so síbẹ̀,
àwọn olè ewúrẹ́ tí í jẹ èlùbọ́ sísá.
Bàbá Láńtọ̀nà gbin tábà sí i lọ́dún mẹ́ta,
lọ́dún kẹrin, omi gbà á, tewétewé.
Bí ẹ̀rùn bá mú, a ó wọ́dò lọ ṣeré,
omi ò ju orúnkún lọ.
Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, ìyá ìyá mi, a ní:
"Ẹ ṣeré o. Ẹ má jẹun níbẹ̀."

Ọdún tí ilẹ̀ gbóná,
ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu lọ Ọ̀fà
ni wọ́n fi gbé e sọdá, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
òun pẹ̀lú ẹni mẹ́fà,
ẹní méjì, ìkòkò kan.
Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan omi pé òun ń padà bọ̀ wálé,
gbogbo Ìdí-Àyìn a ké láti èbúté:
"Dúró ńbẹ̀!"

Ọ̀jẹ́lékè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ń gbé ẹ̀kọ
sórí àpáta àárín odò kílẹ̀ tó mọ́.
A padà sẹ́yìn, a máa tẹ́tí.
Ẹni tó bá wà láàyè a lu ìkòkò lẹ́ẹ̀kan.
Méje. Méje. Márùn-ún.
Òjò rọ̀ mọ́jú, kò gbọ́ nǹkan kan.
Méjì.
Nígbà tó yá, kò ju ẹyọ kan lọ,
kò sì mọ ta ni.
Ẹ̀kọ ẹni kan ló ń gbé lọ, kò béèrè.

Àwẹ̀ró ní àwọn ará abúlé gé orúkọ náà kù.
Ọjọ́ tí ara òun yá tán, òun bọ́ sómi,
wọ́n ké bí wọ́n ti í ké,
Ọ̀jẹ́lékè náà ké, ohùn rẹ̀ ló ròkè jù:
"Dúró ńbẹ̀, mò ń bọ̀ wá mú ọ!"
Ó ti wà nínú odò, tòun ti ṣòkòtò.

"Igba náírà ni, Màmá."
Mo san án. N ò wọkọ̀.
Mo ṣa òkúta kan, mo lu irin pátákó náà lẹ́ẹ̀kan,
mo tẹ́tí.
Jẹnẹrétọ̀ ń ké lódìkejì,
ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun.