Ihò Mẹ́rin

Agogo méje àárọ̀, oṣù Ọ̀wàrà, etí odò ní Amherstburg.
Òtútù ti bu ìka mi jẹ kí n tó tan ẹ̀rọ.
Ihò mẹ́rin ni wọ́n ní kí n lu sára òkúta,
kí pátákó idẹ lè jókòó, kó má mì.

Mo yọ ọ́ nínú àpótí, mo kà á.
Pupa rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ,
lẹ́tà rẹ̀ ń dán bíi wúrà,
Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Faransé lápá ọ̀tún,
òǹtẹ̀ ìjọba lókè, tòun ti kìnnìún àti ẹṣin oníwo kan.
KEZIAH PRUITT. Wọn ò mọ ọdún tí wọ́n bí i,
wọ́n fi "bíi" síwájú rẹ̀.
Atukọ̀. Ó kó àwọn tó ń sá fún oko ẹrú sọdá odò yìí
lóru, láìgba kọ́bọ̀.
Ọ̀rọ̀ ọgọ́ta péré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà wa ní ọjọ́ a kú là á dère,
ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.
Ìjọba ibí tún le ju ikú lọ:
o ní láti kú ná,
kí o fi ọdún márùndínlọ́gbọ̀n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́,
kí ẹnìkan tó kọ̀wé nítorí rẹ,
kí ìgbìmọ̀ mu kọfí lé ọ lórí ní Ọ́táwà,
kí wọ́n bi ara wọn pé: ẹni yìí,
ṣé ti orílẹ̀-èdè ni àbí ti àdúgbò?
Kí mínísítà tó fọwọ́ sí i.
Keziah ti lo ogóje ọdún nílẹ̀.
Òun kọ́ ló ń kánjú.

Ìyá àgbàlagbà kan dé, ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé.
Verlene, ọmọ ọmọ ọmọ Keziah,
fìlà òwú aláwọ̀ ewé, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì.
"Ìwọ lo máa kàn án?"
Èmi ni, mà.
Ó ní kí n jẹ́ kí òun fọwọ́ bà á kí àwọn onítáì tó dé.
Ìka rẹ̀ ò wá orúkọ. Òkè ló lọ tààrà,
orí kìnnìún ló dúró sí.
"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ̀wé sí wọn
pé kí wọ́n fún òun ní ìwé àṣẹ ọkọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá a padà.
Òǹtẹ̀ yìí náà ló ń bẹ̀ fún."
Ó nu imú.
"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ."

Mi ò sọ fún un pé ìwé tèmi náà wà lọ́dọ̀ wọn,
oṣù kọkàndínlógún rè é,
pé àràárọ̀ ni mo ń yọjú sí àpótí lẹ́tà
bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò fẹ́ hó.

Mo tan ẹ̀rọ. Òkúta han gooro.
"Oókan," Verlene ní.
"Eéjì."
Eruku funfun bò mí nírùngbọ̀n.
"Ẹẹ́ta."
Kò ka ìkẹrin. Mo dúró dè é títí,
mo sì lu ú.

Agogo mọ́kànlá, ọkùnrin Ọ́táwà ṣí aṣọ lójú idẹ.
Ó pe orúkọ Keziah dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn.
Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò.
Èmi wà nínú ọkọ̀, mo ń yá ọwọ́,
mo ń wò wọ́n láti ojú gíláàsì.
Gbogbo àga ló kọjú sí òkúta.
Ti Verlene nìkan ló kọjú sí odò.